Ẹ Fẹ́ Gbé Eré Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́ Padà? Ibi Tó Ti Máa Ń Bàjẹ́ Rèé

Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà bàjẹ́, mo sì ti rí méjèèjì. Wọ́n á gbé eré tá a wò nígbà tá a wà lọ́mọdé padà, bàbá á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò ní í tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó máa ní "èyí kọ́ jàre", ọmọ tó jókòó tì í sì ti kọjú sí fóònù ẹ̀ tipẹ́. Tàbí kẹ̀, wọ́n á tún un ṣe gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, aṣọ kan náà, ìkínni kan náà, àwàdà kan náà, á wá dà bí òkú tí wọ́n wọ aṣọ tuntun fún. Ìlú Ọ̀yọ́ níbí ni mo wà, ẹgbẹ́ mẹ́ta ni mo ti bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀kan péré ló jáde síta tójú rí i, méjì yòókù wà nínú hard drive títí dòní. Ohun tí mo ń kọ síbí, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn ni.

Ohun tẹ́ ẹ nílò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀:

- Ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni eré (mo máa ṣàlàyé, torí kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ rò)
- Ó kéré tán apá mẹ́rin nínú eré àtijọ́ náà tó ṣì ṣeé wò
- Èèyàn mẹ́wàá tó wò ó nígbà yẹn, tí wọn ò sì tún rí i mọ́ látìgbà náà
- Òṣèré àgbà kan tó wà níbẹ̀, bó ṣe ẹyọ kan ló kù
- Ẹni tó lè kọ ọ̀rọ̀ eré, tí ò wo eré náà rí láyé ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu
- Onílù tí wọ́n bí sídìí ìlù, tó gbọ́ èdè ìlù dáadáa

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ibí yìí. Wọ́n á lọ bá bàbá tó jẹ́ ojú eré náà nígbà yẹn, bàbá á gbàdúrà fún wọn, á ní ẹ máa ṣe é lọ, Ọlọ́run á bá yín ṣe é, wọ́n á wá rò pé ó parí. Ẹni tó ṣeré kọ́ ló ni eré o. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ká a sílẹ̀ lè ni fídíò, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ eré ló ni ìtàn, ẹni tó kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Copyright Act ti 2022 tá à ń lò ní Nàìjíríà báyìí ní ọ̀rọ̀ eré tí wọ́n kọ sílẹ̀ wà lábẹ́ ààbò títí 70 ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ bá kú, fídíò ní tiẹ̀ jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: eré tó jáde ní 1985, fídíò ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin títí ìparí 2035, tí ẹni tó kọ ọ́ bá wá kú ní 2010, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ di ìparí 2080. Àwọn ọmọ olóògbé lẹ máa bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbogbo wọn pátá, kì í ṣe àrẹ̀mọ nìkan, torí èyí tẹ́ ẹ bá fò ló máa gbé lọ́yà dé lọ́jọ́ tí eré bá di ìlú mọ̀ọ́ká.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka ìwé àdéhùn náà sókè. Ṣé ó dárúkọ YouTube? Ṣé ó sọ bóyá ẹ lè dá èèyàn tuntun sínú ìtàn, tàbí kẹ́ ẹ pa èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Tí ò bá sọ bẹ́ẹ̀, kò tíì tán.

2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ tó wò ó

Kásẹ́ẹ̀tì lẹ máa kọ́kọ́ wá, ó sì lè má sí. Láyé ìgbà yẹn kásẹ́ẹ̀tì wọ́n bí ojú, wọ́n á ká eré tán, wọ́n á gbé e jáde lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á tún ká nǹkan míì lé e lórí. Kì í ṣe tiwa nìkan, BBC tó jẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà pa ọ̀pọ̀ apá nínú eré wọn kan tó ń jẹ́ Doctor Who rẹ́, apá tó lé ní 90 ni wọn ò rí títí dòní. Nítorí náà ẹ má dúró de ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan, ẹ wá a dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn èèyàn, àwọn tó ní ẹ̀rọ VHS nígbà yẹn ká a sílẹ̀ nínú ilé wọn.

Ìkìlọ̀ rèé: tẹ́ ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má kì í bọ inú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí iwájú ẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí ẹ̀lùbọ́ tó bu lára rìbọ́ọ̀nù, èébu ni, ó máa ba orí ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ náà á sì kó o ran kásẹ́ẹ̀tì míì tẹ́ ẹ bá fi sí i lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nù ni kó nù ún. Èmi fẹ́ "kàn wò ó díẹ̀" ni tèmi, mo gbọ́ kírrr, nígbà tí mo máa fà á jáde ó ti di jágbajàgba, apá tí wọ́n ti pín ogún sì ló wà nínú ẹ̀. Èyí tó bá ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ni kẹ́ ẹ ti máa dà á sínú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ ṣe é ní méjì, kí méjèèjì má gbé ilé kan náà.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó wò ó, ẹ lọ bá èèyàn mẹ́wàá yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lẹ rántí nínú eré yẹn?" Ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ má ní "ṣé ẹ rántí ìgbà tí...", ẹ dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Eré tiwa dá lórí agboolé kan, ọmọ ìyálé àti ọmọ ìyàwó ń bá ara wọn fa ilé bàbá wọn. Lójú tiwa, ìjà oyè tó wà láàárín ẹ̀ ni kókó, torí òun ló gba ọ̀pọ̀ apá, òun náà ni wọ́n náwó sí. Mo dé ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Akẹ̀sán, mo béèrè. Màmá ò tilẹ̀ dáhùn, ó gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀, ó tú gèlè orí ẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wé e díẹ̀díẹ̀, ó ń wò mí láti abẹ́ ojú. Obìnrin tó jókòó sí ìsọ̀ kejì pariwo, "Irọ́ ń bọ̀!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bí ìyálé ṣe máa ń ṣe nínú eré nìyẹn, tó bá ti tú gèlè, ó fẹ́ parọ́. Nínú èèyàn mẹ́wàá, mẹ́fà ló sọ̀rọ̀ gèlè yẹn. Ìjà oyè, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ eré tuntun fún wa sì ti gbé wíìgì lé ìyálé lórí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ní ojú ìwé kan tí nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún wà lórí ẹ̀, tí ó kéré tán èèyàn márùn-ún sọ ìkọ̀ọ̀kan wọn láìgbọ́ tẹnu ara wọn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yin fúnra yín ló kún ibẹ̀, ẹ padà síta.

3. Igbá mẹ́ta

Ẹ pín gbogbo ohun tó wà nínú eré sínú igbá mẹ́ta. Èyí tẹ́ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, èyí tó gbọ́dọ̀ dàgbà, èyí tẹ́ ẹ máa dà nù. Igbá àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kéré jù. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í rèé: wọ́n á kó aṣọ, àga, àwọ̀ ògiri sínú igbá àkọ́kọ́, torí ó rọrùn láti rà, wọ́n á wá gbé ìwà àwọn èèyàn inú eré sọ nù. Ẹ yí i padà. Ìwà ni kẹ́ ẹ mú, ògiri lè yí.

Ẹ wo bí àwọn Doctor Who ṣe ṣe é nígbà tí wọ́n gbé e padà ní 2005, lẹ́yìn tó ti kúrò lórí afẹ́fẹ́ láti 1989, àyàfi fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní 1996. Wọn ò fọwọ́ kan àpótí ọlọ́pàá aláwọ̀ búlúù tí Dókítà, ìyẹn olórí ẹ̀dá inú eré náà, fi ń rìn kiri, wọ́n tún orin ìbẹ̀rẹ̀ lù àmọ́ orin náà ṣì ni. Ohun tó yí ni bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn: tẹ́lẹ̀, ìtàn kan á pín sí apá onííṣẹ́jú bíi 25 lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di bíi ìṣẹ́jú 45, ọ̀pọ̀ ìtàn sì ń parí lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọ̀tá tí gbogbo ayé mọ̀, ìyẹn Dalek, wọn ò mú wọn jáde àfi ní apá kẹfà. Ojú ọmọbìnrin kan tó ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ò mọ nǹkan kan, ẹni tí ò wò ó rí ń bá a mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ìyẹn lẹ nílò, ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ ọmọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé wá sìnkú bàbá ẹ̀, ó ti sú wa. Ìyàwó tuntun ni tiwa. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ó gbọ́dọ̀ fún wọn lórúkọ àdápè ni, látorí àgbà dé orí ọmọ tí wọ́n bí kó tó wọlé: Akọ̀wé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó. Apá kìíní eré tuntun, ìyàwó ń rìn kiri agboolé, ó ń wo ìwà oníkálukú, ó ń fún wọn lórúkọ. Ẹni tó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín torí orúkọ náà bá wọn mu, ẹni tí ò mọ̀ wọ́n ti mọ gbogbo ilé tán kó tó pé ìṣẹ́jú ogún, a ò sì fi ẹnì kankan ṣàlàyé ohunkóhun.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ọmọ ogún ọdún kan ní ọ̀rọ̀ apá kìíní kó kà á. Tó bá béèrè "ta nìyí?" ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ tún un kọ.

4. Àwọn òṣèré àgbà

Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ má pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó pẹ́. Ẹ sanwó ṣáájú, kì í ṣe "Màmá, tá a bá ṣe tán".

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà nínú eré bí wọ́n ṣe dàgbà lójú ayé. Àṣìṣe ńlá ni kéèyàn máa fi aró dúdú bo ewú orí wọn. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá lórí wa, ó gbọ́dọ̀ ti kọjá lórí agboolé yẹn náà. Èyí tó ń sáré tẹ́lẹ̀ ti ń fọ̀pá rìn, ìyàwó kékeré ti di ìyá ọkọ, bó ṣe ń fìyà jẹ ìyàwó tuntun gan-an ni ìyálé ṣe fìyà jẹ òun náà. Ibẹ̀ gan-an ni eré tuntun wà.

Ẹ má sì gbé gbogbo ilé karí àgbà kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n gbé eré Dallas padà ní Amẹ́ríkà ní 2012, Larry Hagman tó ń ṣe J.R., ọ̀dádà inú eré náà, padà wá, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wò ó. Ó kú ní November ọdún yẹn, wọ́n ṣì ń ya ọ̀wọ́ kejì (season two) lọ́wọ́, wọ́n ní láti wá bí J.R. náà á ṣe kú nínú eré. Ní 2014 eré ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé ibi tí àgbà bá wà la kọ́kọ́ ń yà, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́ta lọ lóòjọ́.

Èyí tó ti kú ńkọ́? Doctor Who ní ọgbọ́n tiwọn láti 1966, Dókítà á yí padà di ẹlòmíì lójú gbogbo èèyàn. Àwa ò ní ìyẹn. Ẹ má wá ẹni tó jọ olóògbé kó máa sín in jẹ, ẹ má sì fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn olóògbé, kódà kí àwọn ọmọ ẹ̀ gbà. Ẹ sin ín nínú eré. Ẹ jẹ́ kí àga ẹ̀ ṣófo, kí wọ́n máa jà lórí ẹni tó máa jókòó síbẹ̀.

Ohun kan tún wà. Àgbà òṣèré mọ ẹni inú eré yẹn ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Wọ́n kọ ọ́ fún ìyálé wa pé nígbà tí ọmọ ìyàwó bá padà dé lẹ́yìn ọdún pípẹ́, kó sunkún, kó ní "dákun, foríjì mí, ọmọ mi." Màmá gba ìwé, ó bọ gíláàsì, ó ní, "N ò ní í sọ eléyìí o." Olùdarí ní kí ló dé, Màmá. "Obìnrin yìí ò bẹ̀bẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ẹ tan kámẹ́rà yín." A tàn án. Ọmọ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Màmá ò wojú ẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, ó pẹ́ gan-an, ó wá ní, "Ṣó o ti jẹun?" Ọmọkùnrin tó ń mú bọ́ọ̀ǹmù, ìyẹn ọ̀pá máíìkì, lọ́wọ́ ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka ọ̀rọ̀ àgbà kọ̀ọ̀kan fún un, ẹ béèrè èyí tí ẹ̀dá yẹn ò lè sọ. Tó bá ní gbogbo ẹ̀ dára, ojú ló ń tì í, ẹ tún béèrè lọ́jọ́ míì.

5. Orin ìbẹ̀rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ máa ní kẹ́ ẹ yọ dùndún, kẹ́ ẹ fi kíbọ́ọ̀dù sí i kó bá ìgbà mu. Ẹ rọra o. Ọ̀rọ̀ wà nínú ìlù yẹn. Orin eré tiwa, ìlù ń sọ pé "ilé là ń lọ". Ọmọ tó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́, ó dùn, àmọ́ ó sọ ohùn kejì kalẹ̀ torí kó lè bá kọ́ọ̀dù ẹ̀ mu. A gbé e lọ fún bàbá onílù kan ní ìlú Ọ̀yọ́ níbí. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ká tún un tẹ̀, ó wá bọ́ fìlà. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló kú? 'Ilẹ̀ là ń lọ' nìyí o." Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ti ń gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a fẹ́ máa fi bá àwọn èèyàn ṣàpẹẹrẹ ikú nínú ilé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà: ẹ kọ́kọ́ bi onílù pé kí ni ìlù yẹn ń sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn náà ẹ lè fi báàsì sí i, ẹ lè dín in kù sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ lè mú un yára, àmọ́ òkè gbọ́dọ̀ wà lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tan orin náà láìsí àwòrán létí àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lọ. Tó bá gbórí sókè, ó ti ṣẹ. Kí onílù tí ò bá yín ṣe é náà gbọ́ ọ, kó sọ ohun tó gbọ́.

6. Fóònù máa ba ìtàn yín jẹ́

Ìdajì wàhálà inú eré àtijọ́, fóònù kan máa parí ẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ẹní, ẹni tó lọ sí Ìlọrin tí wọ́n rò pé ó ti kú. Látìgbà tí GSM ti dé ní 2001, ta ni wọn ò ní pè? Àwọn kan máa ń sá fún un, wọ́n á ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a lè fara mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́ẹ̀kejì a ti mọ̀ pé ẹ ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ bi ara yín léèrè: kí ni lẹ́tà yẹn ń ṣe? Ó ń jẹ́ kí ẹnì kan mọ ohun tí ẹlòmíì ò mọ̀. Ó dáa, vóísì nóòtù tí wọ́n ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí, tí wọ́n sì pa rẹ́ lẹ́yìn tí ẹnì kan ṣoṣo ti gbọ́ ọ, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, ó tilẹ̀ tún gbóná jù ú lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: níbi gbogbo tí ìjà bá ti wà, ẹ ní "kí ló dé tí ò pè é?" Tí ìdáhùn bá jẹ́ ìwà ẹni náà, ìtìjú, ìgbéraga, ẹ̀rù, ó dúró. Tó bá jẹ́ bátìrì, kò dúró.

7. Ìkínni àti èdè

Wọ́n máa ní eré àtijọ́ ń fà, kẹ́ ẹ gé e. Òótọ́ ni, ẹ gé ìrìn, ẹ gé ilẹ̀kùn ṣíṣí, ẹ gé mọ́tò tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má gé ìkínni. Inú ìkínni ni ìjà Yorùbá ń gbé, ẹni tó kí ẹ ní kúkúrú ti bú ẹ, ẹni tó kúnlẹ̀ pẹ́ jù náà ní ohun tó ń wá. Ní ti èdè, ẹ má kó Gẹ̀ẹ́sì sẹ́nu ọ̀dọ́ kí wọ́n lè dà bí ọ̀dọ́, ẹ lọ jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì nítòsí iléèwé gíga, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an.

8. Yàrá méjì

Kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ fi apá kìíní han èèyàn. Ẹ má kó àgbà àti ọmọdé pọ̀, ọmọdé á máa wojú àgbà kó tó rẹ́rìn-ín. Yàrá méjì, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ má wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yìn orí wọn ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹni àkọ́kọ́ yọ fóònù sílẹ̀. Ẹ má béèrè "ṣó dùn?", gbogbo wọn máa ní ó dùn, ẹ ti fún wọn ní mínírà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí àwọn àgbà máa bá ara wọn jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn, kí àwọn ọmọdé máa béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní tiwa, nígbà tí wọ́n ń jáde, ọmọbìnrin kékeré kan fa gèlè ìyá ẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má wá torí ìyẹn sáré gbé e síta lọ́jọ́ kejì bá a ṣe fẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí apá mẹ́fà wà nílẹ̀ ní pípé ná, torí òjò máa rọ̀, jẹnẹrétọ̀ máa kọṣẹ́, Màmá máa ní òde ìyàwó ọmọ tó fẹ́ lọ, ọjọ́ Sunday tẹ́ ẹ dá fáwọn èèyàn ò sì ní í dúró dè yín.